Ìyá Méjì Lórí Àkísà Kan

Ọkùnrin tó ni ìtàn yìí ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́. Mo bi í bóyá kí n fi orúkọ mìíràn bo tirẹ̀, nítorí ìtìjú. Ó mi orí.

"Rárá, Tíṣà. Ohun tí mo bò mọ́lẹ̀ láyé mi ti tó. Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀."

Orúkọ rẹ̀ ni Ignatius Awóyẹmí, ayàwòrán, ọmọ bíbí Òmù-Àrán. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣe.

Ní ọdún Údójì, nígbà tí ìjọba fowó kún owó oṣù, tí owó epo ń ṣàn bí omi òjò, Ignatius gba Èkó lọ. Ó ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tí ń ṣe abọ́ tánganran. Ẹ rántí àwọn abọ́ ńlá olódòdó tí wọ́n máa ń di sínú ẹrù ìyàwó? Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ya òdòdó àti ẹja sí wọn nínú. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni ará Ṣáínà kan tó ti Họ́ǹkọ́ǹgì wá, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Líì.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ abọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i. Bí ọwọ́ ayàwòrán bá ṣì, tí abọ́ kò sì tíì wọ iná ìléru, àkísà tútù kan ti tó. Á nu ún lẹ́ẹ̀kan, òdòdó á lọ, abọ́ á funfun bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni Ignatius fi nu àṣìṣe nù báyìí. Ó wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́dọọdún, bí ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà bá dé, Ọ̀gá Líì máa ń pè é wá sílé. Ọjọ́ yẹn ló máa ń ṣí àpótí tóóró kan, tí á yọ àwòrán méjì tí wọ́n ká bí ẹní jáde, tí á sì fi wọ́n kọ́ ara ògiri. Ọkọ àti ìyàwó ni, lórí aṣọ sílíìkì, olúkúlùkù lórí tirẹ̀. Baba tó bí baba bàbá rẹ̀ ni, àti aya baba náà.

Wọ́n jókòó gbagidi lórí àga ńlá, wọ́n kọjú sí ènìyàn gan-an. Wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bínú. Ọkọ wọ aṣọ aláró tó balẹ̀ dé ẹsẹ̀, wọ́n ya ẹyẹ funfun kan sí i láyà, òwú rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Ìyàwó wọ pupa, adé tó kún fún ìlẹ̀kẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ àwọn méjèèjì ti wọnú apá aṣọ lọ. Nínú gbogbo ara wọn, ojú nìkan ló hàn.

Nígbà tí Ignatius kọ́kọ́ rí wọn, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n jókòó bí ère Ẹ̀sìẹ́."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó ṣàlàyé fún un pé lẹ́bàá ìlú òun, ère òkúta pọ̀ lọ jàra, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ lórí àpótí ìjókòó, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ó ní orí àwọn mìíràn ti ṣẹ́ kúrò lọ́rùn.

"Èyí tí kò lórí," ni Ọ̀gá Líì béèrè, "ta ni ẹ ń kí bí ẹ bá ń kí i?"

"A ò mọ̀, sà."

 Ọ̀gá Líì jókòó tì í, ó sì là á yé e bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé. Ó ní àwòrán yìí kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́. Ní ilẹ̀ àwọn, bí àgbà bá kú láìní àwòrán, àwọn ọmọ á ránṣẹ́ pe ayàwòrán. Ayàwòrán á mú ìwé kan wá tí oríṣiríṣi imú, oríṣiríṣi ẹyinjú, oríṣiríṣi àgbọ̀n kún inú rẹ̀. Àwọn ọmọ á máa nàka: imú Bàbá nìyí, ètè Màmá nìyẹn. Ẹnikẹ́ni lè ya aṣọ, ṣùgbọ́n ojú niṣẹ́ náà.

"Bí ojú bá ti yí padà," ló wí, "ẹlòmíràn lò ń foríbalẹ̀ fún."

Ó tún sọ pé nígbà kan tí ìjọba Ṣáínà ní kí wọ́n pa ohun àtijọ́ run, táwọn ọ̀dọ́ abúlé àwọn ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sun, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin wé àwòrán méjèèjì mọ́ ìdí, ó wọ aṣọ lé e, ó sì rìn jáde láàárín wọn. Ohun tó kù nínú ilé wọn kò ju méjì yìí lọ. Bí iná ṣe jó etí aṣọ ìyàwó díẹ̀ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n náà lẹ sílíìkì dúdú kékeré kan mọ́ ọn.

Owó epo wálẹ̀, nǹkan le. Ilé-iṣẹ́ kò rí ohun èlò rà wọlé mọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ojú Ọ̀gá Líì náà ti ń ṣú, ọmọ rẹ̀ sì ní kó wá sílé kí àwọn dókítà lè ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Oṣù mẹ́fà ló rò pé òun máa lò. Ilé rẹ̀ ń jò, ọlọ́dẹ ti lọ. Ó gbé àpótí tóóró náà lé Ignatius lọ́wọ́.

"O ń lọ sílé, ní ilẹ̀ tó gbẹ. Bá mi tọ́jú wọn. Jẹ́ kí wọ́n wà pa pọ̀. Má jẹ́ kí omi kàn wọ́n."

"Ẹ má mikàn, sà."

Òjò ni Ignatius rò pé ó ń wí.

Ó padà sí Òmù-Àrán, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí etí títì. Ta ló ń kọ pátákó nígbà náà? Ìyàwó rẹ̀ Ọlárónkẹ́, tíṣà ni bíi tèmi, oṣù ń lé oṣù kí ìjọba tó rántí wa. Ọdún kìn-ín-ní kọjá, ọdún kejì kọjá. Oṣù mẹ́fà Ọ̀gá Líì kò pé, lẹ́tà kan kò sì wá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, mọ́tò ńlá kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Alàgbà Ọlábọ̀dé ló sọ̀ kalẹ̀, ọmọ Ìsánlú-Ìsin tó ń gbé Èkó. Ó ti kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ àti ìrántí òbí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn Kérésìmesì.

"Ayàwòrán, bàbá mi Ọlágúnjú àti ìyá mi Ọláìyá kò ya fọ́tò rí títí wọ́n fi kú. Mo fẹ́ àwòrán wọn, ńlá, méjì. Kí ẹni tó bá wọlé mi mọ̀ pé ẹ̀dá pàtàkì ló bí mi."

"Ẹ ò ní fọ́tò kankan, sà?"

"Bí mo bá ní fọ́tò, kí ni mo wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ?"

Ọgbọ́n Ọ̀gá Líì ni Ignatius lò. Ó gbé pátákó méjì lọ sí Ìsánlú-Ìsin, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n Alàgbà, Màmá Rúùtù, àgbàlagbà tó tó ẹni àádọ́rin ọdún, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi wo ojú àwọn ẹbí bí ẹni ń ṣa èso.

"Màmá, imú ta ló jọ ti Bàbá?"

"Wo ọmọ tó ń jẹ iṣu yẹn. Imú yẹn gan-an ni. Ṣùgbọ́n ti Bàbá mi kì í ṣàn."

"Ojú Ìyá ńkọ́?"

"Gbé e sókè díẹ̀. Sókè! Ìyá mi kì í sùn lójú oorun, áḿbọ̀sì lójú àwòrán."

Ojú yẹn dára. Ignatius fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun kò ya irú rẹ̀ rí. Aṣọ ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìwọ̀nba ọ̀dà tó lè rà kò tó nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ agbádá ńlá yà kó wúwo.

Alàgbà dé, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ojú ni ojú wọn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ṣé aṣọ rèé? Bàbá mi dà bí ẹni tó jí agbádá olówó wọ̀, tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún ọ. Bí kò bá dáa, mo mọ ọ̀nà Ìlọrin."

Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, gbogbo Ìsin àti Òmù-Àrán ló máa gbọ́ pé Ignatius kò lè ya ènìyàn. Ayàwòrán tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, kó lọ máa dáko.

Ó kùn pátákó méjèèjì ní funfun láti tún un bẹ̀rẹ̀. Ó wá gbé àpótí tóóró wá sí ṣọ́ọ̀bù kó lè wo bí wọ́n ṣe ya ìṣẹ́po aṣọ. Wíwò nìkan ló ní lọ́kàn. Jímọ́ọ̀ káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kan férémù, ló wọlé bá a.

"Áátíìsì! O ní irú aṣọ yìí nílé, ò ń jìyà?"

"Kì í ṣe tèmi. Ọ̀gá mi ló fi pamọ́ sọ́wọ́ mi."

"Ó dà?"

"Họ́ǹkọ́ǹgì."

"Ó kọ lẹ́tà?"

"Rárá."

Jímọ́ọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wo ọkọ, ó wo ìyàwó. "Aṣọ ti wà. Àga ti wà. Ọwọ́ wọn wà nínú aṣọ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ àwọ̀ wọn. Ojú nìkan ló kù."

"Jímọ́ọ̀, òkú ọlọ́kùú ni."

"Òkú Ṣáínà kò mọ ọ̀nà Òmù-Àrán, ọ̀rẹ́ mi."

Ignatius lé e jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a lé jáde lẹ́nu ọ̀nà máa ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ojú nìkan ló kù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbọ́ ọ létí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti rí àwáwí tó rọ̀ mọ́ ọn. Òun kò ní tà wọ́n. Òun á yá wọn lò ni. Ọ̀dà olómi táwọn ọmọ iléèwé ń lò lòun á fi kun ojú náà. Lẹ́yìn ìdúpẹ́, òun á gbà wọ́n padà pé òun fẹ́ fi fáníìṣì kùn wọ́n. Òun á rọra ya ẹ̀dà aṣọ náà sórí pátákó, òun á kó ẹ̀dà fún Alàgbà. Òun á wá fi àkísà tútù nu ojú àwọn ará Ṣáínà, wọ́n á sì funfun bí abọ́.

Ó bu ọ̀dà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì ìyàwó rẹ̀. Kò sọ fún un.

Ọ̀sán gangan ni, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ́ ìyàwó náà sórí tábìlì. Bó ṣe gbé búrọ́ọ̀ṣì, obìnrin náà ń wò ó. Ó sún sọ́tùn-ún, ó ń wò ó. Ó sún sósì, ó ń wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí jẹ́jẹ́.

Ẹyinjú rẹ̀ ló kọ́kọ́ kùn, kó má bàa wo òun mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó rọrùn. Ojú Ìyá Ọláìyá ti wà lọ́kàn rẹ̀, ó kàn ń bọ́ sílẹ̀ ni. Fún ọkọ, ó sọ fìlà Ṣáínà di abetí ajá, ó sì bá a mu rẹ́gí. Adé ìyàwó, ó fi í sílẹ̀. Ó dá àpótí òfìfo padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé.

Nígbà tí Alàgbà rí wọn, ó bọ́ fìlà.

"Ayàwòrán! Níbo lo ti rí ọwọ́ yìí? Adé ìyè mà rèé lórí ìyá mi!"

Màmá Rúùtù sún mọ́ bàbá rẹ̀, ó nàka sí àyà aṣọ. "Ẹyẹ wo nìyí?"

"Àdàbà ni, mà," ni Ignatius dá a lóhùn. "Àdàbà Ẹ̀mí Mímọ́."

"Ẹsẹ̀ àdàbà yìí mà gùn o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ignatius náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé títí di òní, òun ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ pé. Wọ́n gbé àwòrán méjèèjì síwájú pẹpẹ, olùṣọ́àgùntàn gbàdúrà lé wọn. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fi wọ́n kọ́ orí ìṣó ńlá méjì ní pálọ̀ ilé tuntun. Màmá Rúùtù, tí orúnkún ń dùn, kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi," ló ń wí. "Ìyá mi. Ó pẹ́ o."

Àwọn ènìyàn ń nu ojú. Jímọ́ọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún Ignatius ní ẹ̀gbẹ́. Àyà Ignatius wú. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ó ti gbàgbé pé irọ́ ni.

Ìgbà náà ni Ọlárónkẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin ará Ṣáínà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ èjìká.

Ọmọ Ọ̀gá Líì ni, Mary. Èkó ló ti wọkọ̀ wá ní òwúrọ̀ yẹn, tó ń béèrè ilé ayàwòrán ní gáréèjì Òmù-Àrán. Inú Ọlárónkẹ́ dùn nígbà tó rí i. Ó ní, "Ẹrù yín wà láìyingin, ẹ wò ó," ó sì fa àpótí tóóró jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí fúyẹ́. Ó ṣí i, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó mú àlejò náà tọ ọkọ rẹ̀ wá.

"Òyìnbó ti dé!" ni ẹnì kan kígbe.

"Òyìnbó kọ́, ará Ṣáínà ni. Ẹ fún un láyè!"

Mary kò rí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ògiri ló ń wò. Ó rìn lọ tààrà, ó dúró níwájú ìyàwó, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka kan àlẹ̀mọ́ sílíìkì dúdú kékeré tó wà létí aṣọ pupa. Ó wá gbé ojú sókè, ó wo ojú Ìyá Ọláìyá. Ó pẹ́ kó tó kúrò.

Ó sún sẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó tẹrí ba. Ó tún tẹrí ba. Ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀kẹta.

Ilé hó yèè. "Ọmọlúàbí ni! Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́!"

Alàgbà Ọlábọ̀dé bọ́ síwájú, ayọ̀ kún inú rẹ̀, ó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì: "Ọmọ mi, ṣé o mọ bàbá mi ni?"

Mary yíjú wo Ignatius.

"Mo mọ aṣọ rẹ̀," ló dáhùn.

Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń yìn ín ni. Ẹ̀rín náà kò tíì parí nígbà tí Ọlárónkẹ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

"Bàbá Caroline, àpótí ṣófo."

 Ignatius ní òun rí ojú àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ti ara Mary bọ̀ sára àwòrán, tí wọ́n sì ń ti ara àwòrán bọ̀ sára òun, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìwé. Jímọ́ọ̀ ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ.

Wọ́n bẹ àwọn àlejò kí wọ́n bọ́ síta. Ignatius dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tuntun, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"O bọ́ aṣọ lára òkú ẹlòmíràn," ni Alàgbà wí, "o wọ̀ ọ́ fún bàbá mi. O jẹ́ kí n gbé e lọ síwájú pẹpẹ. O ní àdàbà ni!"

"Ẹ forí jì mí, sà."

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Ọlọ́run ni, àti ọmọ yìí."

Mary kò bú u. Ó jókòó sétí àga, ó ní, "Iṣẹ́ abẹ náà kò yọrí sí rere. Bàbá mi kò ríran mọ́, kò sì lè kọ̀wé. Ó rán mi pé kí n wá kó wọn wá, kí wọ́n wà lára ògiri kó tó kú. Sọ òótọ́ fún mi, Ọ̀gbẹ́ni Ignatius. Ṣé wọ́n ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà yìí?"

"Wọ́n wà níbẹ̀!" Ignatius dìde lórí orúnkún. "Mo búra, wọ́n wà níbẹ̀. Omi díẹ̀, àkísà kan, ó tán. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Màmá Rúùtù, tí wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún, di apá àga mú. "Ẹ má nu ìyá mi nù."



"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni," ló tún wí. "Láti ọdún márùndínlógójì, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i."

"Màmá, màá tún un yà," ni Ignatius wí. "Màá yà á sórí pátákó, mo ṣèlérí."

Alàgbà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹrù wọn. Ẹrù ẹlẹ́rù ni."

Wọ́n gbé ìyàwó kalẹ̀ sórí tábìlì. Mary ní kó fi ìyàwó bẹ̀rẹ̀, torí bàbá òun máa ń sọ pé òun jọ ọ́. Ignatius ki àkísà bọ omi, ó fún un.  Iṣẹ́ tó mọ̀ jù láyé ni.

Ó nu ún lẹ́ẹ̀kan. Ojú Ìyá Ọláìyá ṣí kúrò bí aṣọ ìkélé. Lábẹ́ rẹ̀, ẹyinjú kan yọ, ẹyinjú obìnrin Ṣáínà yẹn, ó ń wò ó bíi tàtijọ́.

"Ẹ wò ó!" ni Ignatius kígbe. "Ẹ wò ó, mo sọ fún yín!"

Mary fọwọ́ bo ẹnu. Ọlárónkẹ́ ní, "Ọlọ́run ṣeun."

Ó nu ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹyinjú náà bá àkísà lọ.

Ó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n omi kò dúró. Ó ń rìn nínú sílíìkì fúnra rẹ̀, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gba imú, ó dé ètè. Ọ̀dà àtijọ́ náà, olómi ni. Iná ìléru kan kò sun ún rí. Ní ìṣẹ́jú kan, láàárín adé àti aṣọ pupa, kò sí ohun tó kù bí kò ṣe àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi tii oníwàrà tó dà sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ohùn Ọ̀gá Líì dé sí i létí. Má jẹ́ kí omi kàn wọ́n.

Ó wo àkísà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ẹfun ti pòpọ̀ lórí rẹ̀. Ìyá méjì ni, lórí àkísà kan.

Màmá Rúùtù dìde. Gbogbo wọn rò pé yóò gbá a létí. Ó gba àkísà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà jókòó, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń lọ aṣọ. Ó fa á ya sí méjì, ó na ìdajì kan sí Mary.

"Tèmi wà níbẹ̀," ló wí. "Tìrẹ náà wà níbẹ̀."

Wọn kò túmọ̀ ìyẹn fún Mary. Ó gbà á.

Ignatius ń sunkún. "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n wo ojú yín. Ẹ ní ẹ jọ ọ́. Mo lè tún un yà."

Mary mi orí. "Àwọn ẹbí yìí ní Màmá tó ń sọ fún ọ pé gbé ojú sókè, sọ ọ́ sílẹ̀. Ta ni yóò sọ fún ọ ní tiwa? Bàbá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n sórí, kò sì lè rí ohun tó o bá yà."

Kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ. Ó ní ojú àlejò sàn ju kí wọ́n má lójú lọ. Alàgbà Ọlábọ̀dé fúnra rẹ̀ ló já bàbá rẹ̀ kúrò lórí ìṣó.

"Gbé e lọ," ló sọ fún Mary. "Aṣọ yín ló wọ̀."

Ó ká wọn pọ̀, ọkọ tí ojú rẹ̀ jẹ́ ti Ìsánlú-Ìsin, aya tí kò lójú, ó kó wọn padà sínú àpótí tóóró, ó sì lọ.

Ignatius padà lọ bẹ Màmá Rúùtù pẹ̀lú pátákó rẹ̀. Kò gbà. Ó ní, "Mo rí ìyá mi lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní jókòó ṣa imú rẹ̀ mọ́." Àwọn ìṣó méjì yẹn ṣì wà lára ògiri pálọ̀ yẹn. Mo ti fojú mi rí wọn.

Ní ọdún 1988, lẹ́tà kan dé sí Òmù-Àrán pẹ̀lú páálí kékeré kan. Mary ló kọ ọ́. Ó ní wọ́n fi àwòrán méjèèjì kọ́ nígbà ọdún tuntun. Bàbá òun kó ọsàn sẹ́sẹ̀ wọn, ó fọwọ́ tọ́ igi tí wọ́n fi ká wọn, ó sì mọ̀ pé méjèèjì pé. Ó tẹrí ba fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ó bi mí," ni lẹ́tà náà wí, "'Ǹjẹ́ Ignatius tọ́jú wọn dáadáa?' Mo ní, 'Ó tọ́jú wọn dáadáa.' Ó ní kí n fi èyí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Èmi kọ́ ló ń dúpẹ́. Òun ni."

Nígbà tí Ignatius ka ìyẹn fún Màmá Rúùtù, ìyá àgbà náà gbọ́ ọ dé òpin. Ó wá ní, "Bàbá mi ò fẹ́ràn ọsàn. Obì ni wọn ì bá fún un." Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òun náà kú, wọ́n sì bá ìdajì àkísà kan nínú Bíbélì rẹ̀. Ọ̀gá Líì kú ní ọdún yẹn kan náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní kíláàsì, mo sì máa ń sọ fún wọn pé àṣìṣe ṣeé nù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé orí kí ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́, kó má ṣe pè é ní yíyá. Ẹni tó ni ín nìkan ló lè yá ni.

Mo bi Ignatius ohun tó wà nínú páálí yẹn. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé ọ̀pá oparun kékeré kan sí mi lọ́wọ́. Búrọ́ọ̀ṣì Ọ̀gá Líì ló wà nínú rẹ̀, èyí tó fi kọ́ ọ ní ẹja yíyà, tí ọ̀gá tirẹ̀ ti fún òun náà rí. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n so irun rẹ̀ ṣónṣó.

"Mi ò lè dá a padà, Tíṣà," ló wí. "Ta ni màá dá a padà fún? Mi ò sì lè lò ó."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sáyè rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé Òmù-Àrán títí di òní, irun búrọ́ọ̀ṣì yẹn kò tíì kan omi.